Wíwọn Ọ́ìlì Ọkọ̀ Bí Ó Ti Yẹ

Awakọ̀ tí ń ti Òmù-Àrán lọ wo àwọn ère òkúta Èsìẹ́ kò gbọdọ̀ wọn ọ́ìlì lórí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́. Bí ọkọ̀ bá fì, ọ́ìlì a wọ́ sí apá kan, géèjì a sì parọ́. Ẹ wá ilẹ̀ títẹ́jú, ẹ pa ẹ́ńjìnnì, kí ẹ dúró bí ìṣẹ́jú 10 kí ọ́ìlì tí ó wà lókè lè ṣàn sísàlẹ̀. Ẹ fa géèjì yọ, ẹ nù ún, ẹ tì í bọlé pátápátá, kí ẹ tún fà á yọ. Ti ẹlẹ́ẹ̀kejì yìí ni kí ẹ gbà gbọ́: kí ọ́ìlì wà láàárín àmì méjèèjì. Ẹni tí irọ́ géèjì mú bu ọ́ìlì kún ọ́ìlì ń fi ẹ́ńjìnnì wewu. Irin tí ń yí nísàlẹ̀ a pò ó di ìfófòó, ìfófòó kò sì lè dáàbò bo irin.