Orúkọ Tí Oníbàárà Ń Pe Ọjà Yín

Nínú ilé tiwa, aṣọ òkè ni à ń tà. Nígbà tí a kọ́kọ́ ṣí ìkànnì sórí ayélujára, inú wa dùn púpọ̀. A fi àwòrán tó rẹwà sí i, a sì kọ ọ́ gàdàgbà sí ojú ewé àkọ́kọ́ pé: “Ẹwà Tí Kò Lẹ́gbẹ́.” A wá jókòó, à ń retí oníbàárà. Oṣù mẹ́jọ kọjá, ẹnì kan ṣoṣo kò pè wá láti ibẹ̀.

Ní alẹ́ ọjọ́ kan, ọmọbìnrin wa bi wá léèrè pé: “Mọ́mì, Dádì, ẹ jọ̀ọ́, bí ẹ̀yin bá fẹ́ ra aṣọ òkè, ṣé ‘Ẹwà Tí Kò Lẹ́gbẹ́’ lẹ máa tẹ̀ sínú Google?” A wo ara wa lójú. Ọ̀rọ̀ náà “aṣọ òkè” kò sí níbì kankan lójú ewé náà! Ọjà wà lórí àtẹ, ṣùgbọ́n a kò pe orúkọ rẹ̀.

A mọ̀ pé ọ̀pọ̀ ìdílé ló ń ṣe irú àṣìṣe yìí: ẹni tó ń ránṣọ, ẹni tó ń se oúnjẹ fún ayẹyẹ, ẹni tó ń kọ́ àwọn ọmọ lẹ́kọ̀ọ́ nírọ̀lẹ́. Owó tí a fi ń ṣe ìkànnì kì í sì í ṣe kékeré. Ìdí nìyí tí a fi fẹ́ sọ ohun tí a rí kọ́.

BÁWO NI Ẹ̀RỌ NÁÀ ṢE Ń WÁ NǸKAN?

Ẹ rántí atọ́ka tó máa ń wà lẹ́yìn ìwé orin. Ẹni tó bá mọ ìlà àkọ́kọ́ orin kan yóò yẹ atọ́ka wò, yóò sì rí nọ́ńbà orin náà láìjẹ́ pé ó ṣí gbogbo ìwé. Bẹ́ẹ̀ gan-an ni ẹ̀rọ ìṣàwárí bíi Google ṣe ń ṣe. Ó ti ka àìmọye ojú ewé sílẹ̀ kí ẹnikẹ́ni tó béèrè, ó sì ti kó ọ̀rọ̀ inú wọn sínú atọ́ka tirẹ̀. Ọ̀rọ̀ tí ẹni tó ń wá nǹkan bá tẹ̀ ni à ń pè ní kókó ọ̀rọ̀. Bí kò bá sí lójú ewé yín, ó ṣòro kí ẹ̀rọ náà mọ̀ pé ẹ̀yin ni wọ́n ń wá.

Láàárín ọdún 1990 sí 1999, iye ìgbà tí ọ̀rọ̀ kan fara hàn lójú ewé ni ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ ìṣàwárí gbára lé. Kíá ni àwọn alárékérekè bẹ̀rẹ̀ sí í tún ọ̀rọ̀ kan náà kọ léraléra kí wọ́n lè wà lókè. Larry Page àti Sergey Brin, akẹ́kọ̀ọ́ méjì ní Yunifásítì Stanford ní Amẹ́ríkà, ronú kan ọgbọ́n mìíràn: kí ẹ̀rọ náà tún máa wo àwọn ojú ewé mìíràn tó ń tọ́ka sí ojú ewé kan, bí ìgbà tí a bá gbọ́ ẹ̀rí aládùúgbò nípa ènìyàn. Wọ́n dá Google sílẹ̀ ní 1998. Láti ìgbà náà, ohun tí a sọ nípa ara wa nìkan kò tó mọ́.

NÍBO NI A TI Ń RÍ KÓKÓ Ọ̀RỌ̀?

Ẹnu oníbàárà ni. A mú ìwé kan, a sì ń kọ gbogbo ohun tí àwọn tó ń pè wá lórí fóònù ń sọ. Kò sí èyí tó béèrè ẹwà nínú wọn. Ohun tí wọ́n ń béèrè ni: “Ṣé ẹ ní sányán fún tọkọtaya?” “Èló ni aṣọ òkè ìyàwó?” “Ṣé ẹ lè fi ránṣẹ́ sí Lọ́ńdọ̀nù?” Ìbéèrè wọn wá di kókó ọ̀rọ̀ wa.

Ẹ tún lè bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ orúkọ ọjà yín sínú Google láì tíì parí rẹ̀. Àwọn gbólóhùn tí yóò yọ sísàlẹ̀ wá láti inú ohun tí àwọn ènìyàn ń wá ní tòótọ́. Ẹ kíyè sí bí wọ́n ṣe ń kọ ọ́ pẹ̀lú. Ọ̀pọ̀ kì í fi àmì sí i: “aso oke” ni wọ́n ń tẹ̀, àwọn mìíràn a sì so ó pọ̀, “asooke.” A kò ní kí ẹ pa àmì èdè wa tì o, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí bí àwọn ènìyàn ṣe ń tẹ̀ ẹ́ náà hàn níbì kan.

Ẹ má sì bẹ̀rù gbólóhùn gígùn. Ẹni tó tẹ “aṣọ òkè” nìkan lè jẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ tó fẹ́ mọ ìtàn rẹ̀. Ẹni tó tẹ “sányán fún ọkọ ìyàwó ní Ìbàdàn” ti mú owó dání.

NÍBO NI KÍ Ẹ FI Í SÍ?

Ẹ fi í sí àkọlé ojú ewé, sí ìlà àkọ́kọ́, àti sí àlàyé àwòrán, nítorí ọ̀rọ̀ tó wà nídìí àwòrán ń ran ẹ̀rọ lọ́wọ́ láti mọ ohun tó jẹ́. Ẹ fún ọjà kọ̀ọ̀kan ní ojú ewé tirẹ̀. Ní tiwa, sányán dá dúró, àlàárì dá dúró, ẹtù náà dá dúró. Ẹ kọ ìlú yín, iye owó àti nọ́ńbà fóònù. Lẹ́yìn náà, ẹ kà á sókè fún ará ilé. Bí ó bá ń dún bí ẹni ń ka òǹkà, ọ̀rọ̀ náà ti pọ̀ jù nìyẹn.

ẸNI TÓ ṢÈLÉRÍ IPÒ KÌÍNÍ

Ojú ń kán wa, nítorí náà ni a ṣe gba ọkùnrin kan gbọ́ tó ní òun yóò gbé wa dé ipò kìíní láàárín ọ̀sẹ̀ méjì. Ó gbowó. Ó kọ àìmọye ọ̀rọ̀ funfun sórí ojú ewé funfun, tí ènìyàn kò lè rí ṣùgbọ́n tí ẹ̀rọ lè kà: bàtà, léèsì, àti orúkọ àwọn ìlú tí a kò dé rí. Obìnrin kan pè wá láti ọ̀nà jíjìn, bàtà ló ń wá. Ojú tì wá láti dá a lóhùn. Kò pẹ́, a kò rí ìkànnì wa mọ́ bí a ti wù kí a wá a tó.

Kì í ṣe ọmọ kékeré nìkan ni irú èyí ń ṣẹlẹ̀ sí. Ní oṣù kejì ọdún 2006, Google yọ ìkànnì BMW ti Jámánì kúrò nínú atọ́ka rẹ̀, nítorí pé ohun tó ń fi han ẹ̀rọ yàtọ̀ sí èyí tó ń fi han ènìyàn. Ní 2009, Google kéde pé òun kì í lo àtòjọ kókó ọ̀rọ̀ tí a ń kọ pamọ́ sẹ́yìn ojú ewé láti fi pinnu ipò ẹnikẹ́ni. Google fúnra rẹ̀ sì kìlọ̀ pé kò sí ẹni tó lè fọwọ́ sọ̀yà ipò kìíní fún yín. Ẹni tó bá ṣe irú ìlérí bẹ́ẹ̀, ẹ sá fún un. Bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ yóò bá a.

A pa gbogbo ọ̀rọ̀ ìkọ̀kọ̀ náà rẹ́. A tún ojú ewé kọ̀ọ̀kan kọ pẹ̀lú ọ̀rọ̀ tí a gbọ́ lẹ́nu oníbàárà, a kò sì fi ohun tí a kò tà kún un. Ó gba oṣù mélòó kan, a sì fẹ́rẹ̀ẹ́ rẹ̀wẹ̀sì. Nígbà tó yá, ìyá kan tó ń ṣe ìgbéyàwó ọmọ rẹ̀ pè. Ó ní: “Ẹ káàsán o. Mo rí i pé ẹ ní sányán fún tọkọtaya.” Ọmọbìnrin wa rẹ́rìn-ín. Ọ̀rọ̀ tí a kọ gan-an ló ń kà padà fún wa.

Ẹ̀yin ará, ẹ mú ìwé àti bírò lọ́sẹ̀ yìí. Ẹ kọ ọ̀rọ̀ mẹ́wàá tí àwọn oníbàárà yín fi ń béèrè ọjà, kí ẹ sì wò ó bóyá ẹyọ kan wà lójú ewé yín. Orúkọ tí a bá mọ ọjà sí ni kí a fi polówó rẹ̀.