Ìtumọ̀ ọ̀rọ̀ ojú àti ìrìn láti èdè Gẹ̀ẹ́sì sí èdè Faransé

Ìtumọ̀ ọ̀rọ̀ ojú àti ìrìn láti èdè Gẹ̀ẹ́sì sí èdè Faransé, tí í ṣe èdè ìjọba ní ilẹ̀ Bẹ̀nẹ̀, kì í ṣe títẹ̀lé ọ̀rọ̀ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. "He ran into the house" bá "ó sáré wọ ilé" ti Yorùbá mu. Faransé máa ń fi ìwọlé ṣáájú eré: "il est entré dans la maison en courant". Bí a bá kọ "il a couru dans la maison", ó lè túmọ̀ sí pé inú ilé ni ó ti ń sáré. Vinay àti Darbelnet ṣàlàyé ìpààrọ̀ yìí ní ọdún 1958.

"In the blink of an eye" di "en un clin d'œil", bí "ìṣẹ́jú akàn" ti Yorùbá. Ṣùgbọ́n ohun ọ̀wọ́n tí Gẹ̀ẹ́sì ní ó gba apá àti ẹsẹ̀, ojú ni Faransé ní ó gbà: "coûter les yeux de la tête".