Ipò Eré-Ìje Nínú Jíìpù Alágbára

Ẹni tí ó mọ ẹṣin í gùn kì í gún un ní kẹ́sẹ́ láti ẹnu ọ̀nà ilé rẹ̀ títí dé ọjà. Ó mọ̀ pé ìrìn ẹ̀sọ̀ ni ó yẹ àárín ìlú, pé eré sì ní pápá tirẹ̀. Bákan náà ni ọ̀rọ̀ rí nípa àwọn jíìpù alágbára tí a ń ṣe lóde òní. Ohun méjì tí kò jọra ni àwọn tí ó ṣe wọ́n pa pọ̀ mọ́ra: ọkọ̀ tí a fi ń kó ìyàwó, ọmọ àti ẹrù, àti ọkọ̀ tí ó lè sáré bí ọkọ̀ ìdíje. Nítorí èyí ni wọ́n ṣe fún awakọ̀ ní àǹfààní láti yan irú ìwà tí ọkọ̀ yóò hù. Ọ̀kan nínú àwọn ìwà náà ni wọ́n ń pè ní Sport, èyí tí a lè pè ní ipò eré-ìje. Ó ha yẹ kí awakọ̀ máa lo ipò yìí lójoojúmọ́ bí?

Ẹ jẹ́ kí á fi Porsche Cayenne, tí àwọn ará Jámánì ń ṣe, ṣe àpẹẹrẹ. Ní 2002 ni wọ́n kọ́kọ́ gbé jíìpù yìí jáde. Èyí tí a ń pè ní Cayenne Turbo, tí wọ́n fi han aráyé ní 2017, ní agbára ẹṣin 550, ìwọ̀n rẹ̀ sì ju 2,000 kìlógírámù lọ. Bí ó bá gbéra láti orí ìdúró, ìṣẹ́jú-àáyá 4.1 ni yóò fi dé eré 100 kìlómítà ní wákàtí kan. Ẹni tí ó bá rà á pẹ̀lú àkànṣe ohun èlò eré-ìje yóò bá ohun yíyí kékeré kan lára sítíárìn, tí a fi ń yan Normal, Sport àti Sport Plus. Pẹ̀lú ohun èlò yìí, ìṣẹ́jú-àáyá 3.9 ni ọkọ̀ náà yóò fi dé eré kan náà. Ìyàtọ̀ tí ó wà láàárín méjèèjì fẹ́rẹ̀ẹ́ má ju ìṣẹ́jú tí ojú ń ṣẹ́ lọ.

Ọ̀pọ̀ ènìyàn ni ó rò pé bí a bá ti yí ọkọ̀ sí Sport, agbára tuntun ni ó wọ inú ẹ́ńjìnnì. Kò rí bẹ́ẹ̀. Agbára àtijọ́ náà ni. Ọ̀nà tí ó ń gbà jáde ni ó yí padà. Lọ́nà kìíní, bí awakọ̀ bá fi ẹsẹ̀ kan ohun tí a fi ń mú ọkọ̀ sáré díẹ̀, ẹ́ńjìnnì a dáhùn lójú ẹsẹ̀. Lọ́nà kejì, jíà a máa pẹ́ kí ó tó bọ́ sí ti òkè, kí ẹ́ńjìnnì lè máa yí kíkankíkan. Lọ́nà kẹta, ṣọ́ọ̀kì a le sí i, kí ọkọ̀ má baà fì sẹ́gbẹ̀ẹ́ níbi tí ọ̀nà bá ti wọ́. Lọ́nà kẹrin, ẹ́ńjìnnì kì í pa ara rẹ̀ mọ́ nígbà tí ọkọ̀ bá dúró níwájú iná pupa ojú pópó, bí ó ti máa ń ṣe ní ipò Normal láti fi epo pamọ́.

Ipò yìí kò ṣàìní ìwúlò. Ní Jámánì, àwọn ọ̀nà gbooro kan wà tí a ń pè ní Autobahn. Láti 1978 ni ìjọba ti ń gba awakọ̀ nímọ̀ràn pé kí eré wọn má ju 130 kìlómítà ní wákàtí kan lọ níbẹ̀, ṣùgbọ́n ní ibi púpọ̀ kò sí òfin tí ó dá wọn dúró. Ẹni tí ó bá ń bọ́ sórí irú ọ̀nà bẹ́ẹ̀ gbọ́dọ̀ tètè mú eré rẹ̀ bá ti àwọn tí ó ti wà níbẹ̀ dọ́gba. Ẹni tí ó sì fẹ́ ya ọkọ̀ ẹrù sílẹ̀ kò gbọdọ̀ pẹ́ ní ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Ní irú àkókò báyìí, Sport a máa ran awakọ̀ lọ́wọ́. Àní bọ́tìnì kan wà láàárín ohun yíyí Cayenne tí ó ń mú gbogbo agbára ọkọ̀ wà ní ìmúrasílẹ̀ fún ìṣẹ́jú-àáyá 20 péré, lẹ́yìn èyí tí ọkọ̀ yóò padà sí ìwà rẹ̀ àtẹ̀yìnwá.

Ṣùgbọ́n nínú ìlú, ọ̀rọ̀ yàtọ̀. Eré 50 kìlómítà ní wákàtí kan ni òfin Jámánì fi ààyè gbà nínú ìlú. Ká ní awakọ̀ kan fi ìṣẹ́jú-àáyá 4 dé eré yìí, tí ẹnìkejì rẹ̀ sì fi 8 dé e. Ìṣẹ́jú-àáyá 2 péré ni ẹni àkọ́kọ́ fi ṣíwájú. Bí iná pupa mẹ́wàá bá wà lójú ọ̀nà, gbogbo èrè rẹ̀ kò ju ìṣẹ́jú-àáyá 20 lọ, iná pupa kan ṣoṣo sì tó láti gba gbogbo rẹ̀ padà lọ́wọ́ rẹ̀. Kí ni ó san fún èrè yìí? Ó jó epo púpọ̀ sí i. Gbogbo kòtò ọ̀nà ni ó gbo àwọn tí ó gbé. Ariwo ẹ́ńjìnnì sì dí àwọn ará àdúgbò lọ́wọ́, bẹ́ẹ̀ òfin ìrìnnà Jámánì ka ariwo ọkọ̀ tí kò nídìí léèwọ̀.

Àwọn kan ń bẹ̀rù pé Sport yóò ba ẹ́ńjìnnì jẹ́. Ìbẹ̀rù yìí pọ̀ jù, nítorí a ti ṣe ẹ́ńjìnnì náà láti gba irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀. Kìkì pé kò yẹ kí á lò ó ní ìnira nígbà tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣí i, tí ọ́ìlì rẹ̀ kò tíì gbóná. Ní ti táyà àti bíréèkì, ẹsẹ̀ awakọ̀ ni ó ń jẹ wọ́n ju ipò tí ó yàn lọ.

Ohun tí ó ṣe pàtàkì jù lọ ni ẹ̀mí ènìyàn. Ọkọ̀ tí ń sá eré 50 kìlómítà ní wákàtí kan ń kọjá mítà 14 tàbí kí ó dín díẹ̀ ní ìṣẹ́jú-àáyá kan. Ọmọdé tí ó sáré tẹ̀lé bọ́ọ̀lù rẹ̀ bọ́ sójú pópó lè wà láàárín mítà 14 náà. Bí eré bá sì di ìlọ́po méjì, ibi tí bíréèkì yóò ti mú ọkọ̀ dúró yóò jìnnà ní ìlọ́po mẹ́rin. Kò sí bọ́tìnì kankan nínú ọkọ̀ tí ó lè yí èyí padà.

Nítorí náà, kí awakọ̀ fi Normal rin ìrìn ojoojúmọ́, kí ó sì pa Sport mọ́ de ojú ọ̀nà tí ó gbà á. Níní agbára kò burú. Àìmọ ibi tí ó yẹ kí á lò ó ni ó burú. Ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Ohun tí a bá fi agbára mú ní í le koko.