Ayò Kì í Ṣe ti Ọkùnrin Nìkan

Bí ẹ bá gba Pákátà tàbí Òkè-Málé kọjá ní ìlú Ìlọrin yìí ní ọwọ́ ìrọ̀lẹ́, ẹ ó ṣalábàápàdé àwọn ọkùnrin tí wọ́n rọ̀gbà yí ọpọ́n ayò ká. Àwọn méjì a máa ta, àwọn òǹwòran a sì máa kọ́ wọn ní ohun tí wọn kò béèrè. Àwa obìnrin a kí ọ̀ta, a kí ọ̀pẹ̀, a sì kọjá lọ pẹ̀lú ẹrù ọjà lórí. Ẹ̀yin ìyá àti ẹ̀yin ọ̀dọ́bìnrin, ta ni ó sọ fún wa pé eré yìí kì í ṣe tiwa? Ẹni tí ó ń ṣírò owó ọbẹ̀, owó iléèwé àti owó àjọ láìlo ìwé, kí ni ó kù tí kò fi ní lè ka ọmọ ayò?

Eré náà kò náni lówó púpọ̀, kò sì gba iná mànàmáná. Ilé 12 ni ó wà lójú ọpọ́n, mẹ́fà níwájú ẹnì kọ̀ọ̀kan. Ọmọ 48 ni a ń kó sí i, mẹ́rin-mẹ́rin. Ẹni tí ó bá jẹ ju 24 lọ ni ó borí. Àwọn ará Gánà ń pe irú rẹ̀ ní oware. Àwọn baba ńlá wa tí a kó lẹ́rú gbé e dé erékùṣù Antigua, warri ni wọ́n ń pè é níbẹ̀. Ìdíje Mind Sports Olympiad tí ó bẹ̀rẹ̀ ní Lọ́ńdọ̀nù ní ọdún 1997 ti gbà á wọlé, bẹ́ẹ̀ ni ayò ti wà lára eré ìbílẹ̀ tí àwọn ìpínlẹ̀ ń díje lé lórí níbi Àjọ̀dún Eré Ìdárayá ilẹ̀ wa.

Nígbà tí àwa mọ́kànlá kan dá ẹgbẹ́ ayò tiwa sílẹ̀ ní agbègbè Táńkẹ, a rò pé ọpọ́n àti ẹní nìkan ni a nílò. A ní kí olúkúlùkù mú ₦500 wá, kí ẹni tí ó bá borí kó gbogbo rẹ̀. Kí ilẹ̀ tó ṣú lọ́jọ́ náà, ìjà ti dé. Ọ̀kan jẹ ẹnì kejì rẹ̀ títí ilé rẹ̀ fi ṣófo, ó sì kọ̀ láti fún un ní ọmọ. Ó ní bí wọ́n ti ń ta á ní ìlú tòun nìyẹn. Ìkejì ní irọ́ ni. Èyí tí ó dùn mí jù ni pé ọkọ ọ̀kan nínú wa dá a dúró nílé lọ́jọ́ kejì, ó ní ìyàwó òun kò ní bá wọn ta tẹ́tẹ́.

Mo bínú sí ọkùnrin náà gidigidi. Ṣùgbọ́n nígbà tí inú mi rọ̀, mo rí i pé òótọ́ ni ó sọ. Owó tí gbogbo ènìyàn dá jọ, tí ẹnì kan ṣoṣo yóò kó lọ nítorí pé ó borí, kí ni ó yà á sọ́tọ̀ sí tẹ́tẹ́? Ìlú Mùsùlùmí sì ni ìlú wa. Àwọn àlùfáà kan tilẹ̀ wà tí wọn kò fẹ́ eré orí ọpọ́n rárá. Ẹni tí ó bá ń tẹ̀ lé wọn, ẹ má ṣe rọ̀ ọ́ kó wá.

Láti ìgbà náà ni a ti ya owó ẹgbẹ́ sọ́tọ̀ kúrò lára ẹ̀bùn. Owó oṣooṣù ni ọmọ ẹgbẹ́ ń san, yálà ó ta ayò tàbí kò ta á. Ọpọ́n, ẹní àti omi mímu ni a ń fi í rà. Ẹnì kan ni ó ń pa owó mọ́, ẹlòmíràn ni ó ń kọ ọ́ sílẹ̀. Ẹ̀bùn ní tirẹ̀ gbọ́dọ̀ ti ọwọ́ ẹni tí kò bá wa díje wá, abọ́ tàbí aṣọ ni a sì ń gbà, a kì í gba owó. Àwọn kan bi mí bóyá a kò lè mú ẹ̀bùn náà láti inú owó oṣù. Mo kọ̀ jálẹ̀.

Ní ti òfin, ẹ kọ ọ́ ní Yorùbá, kí ẹ sì kà á sókè kí ẹnikẹ́ni tó bu ọmọ, nítorí àwọn tí kò mọ̀wé kà. Ẹ sọ ohun tí a ó ṣe bí ilé ẹnì kan bá ṣófo: tiwa ni pé dandan ni kí a fún un ní ọmọ bí a bá lè ṣe é. Ẹ sọ bóyá ẹni tí ó ti bu ọmọ lè dá a padà.

Ibi tí ọ̀pọ̀ ẹgbẹ́ ti ń ṣìnà ni ìdíje gan-an. Bí ènìyàn 16 bá wá, tí ẹ ní kí ẹni tí ó bá pàdánù lẹ́ẹ̀kan máa lọ, eré 15 péré ni ẹ ó ta, ṣùgbọ́n ènìyàn 8 ni yóò ti lọ sílé lẹ́yìn eré kan. Ẹ wo obìnrin tí ó wọkọ̀ láti Gànmọ, tí ó ti gbé ọmọ fún ìyá ọkọ, tí ẹ lé e padà láàárín ogún ìṣẹ́jú! Kò ní padà wá mọ́. Bí ẹ bá sì ní kí olúkúlùkù bá gbogbo ènìyàn ta, eré 120 ni, ààwẹ̀ lè bá yín lẹ́nu rẹ̀. Ohun tí a ń ṣe ni pé a pín wọn sí ọ̀nà mẹ́rin, ènìyàn mẹ́rin àti ọpọ́n kan sí ọ̀nà kọ̀ọ̀kan. Olúkúlùkù yóò ta eré mẹ́ta, eré mẹ́fà ni yóò wáyé lórí ọpọ́n kan. Bí méjì bá ń ta, ọ̀kan nínú àwọn méjì tó kù ni adájọ́. Ẹni tí ó bá borí gba àmì 2, bí ó bá jẹ́ 24 sí 24, kí wọ́n gba ọ̀kọ̀ọ̀kan. Bí àmì àwọn méjì bá dọ́gba, ẹ ka iye ọmọ tí wọ́n jẹ. Ẹ fi eré kọ̀ọ̀kan mọ sí ogún ìṣẹ́jú. Wákàtí méjì ni èyí, àwọn olórí mẹ́rin yóò sì fi ogójì ìṣẹ́jú parí tiwọn. Bí ẹ bá bẹ̀rẹ̀ ní aago mẹ́wàá àárọ̀, ẹ ó ti tú ká kí a tó péjọ fún ìrun Àìlà.

Bí àwọn ọmọbìnrin yín bá fẹ́ràn lẹ́tà ju ọmọ ayò lọ, ẹ jẹ́ kí wọ́n dá ẹgbẹ́ Scrabble. Wellington Jighere, ọmọ Nàìjíríà, ni ọmọ Áfíríkà àkọ́kọ́ tí ó gba ipò kìíní àgbáyé nínú rẹ̀ ní èdè Gẹ̀ẹ́sì, ní ìlú Perth ní Ọsirélíà ní ọdún 2015.

Ìyàwó tí a dá dúró nílé padà sáàárín wa ní oṣù kẹta. Ọkọ rẹ̀ fúnra rẹ̀ ni ó gbé ọpọ́n tuntun kan wá ta wá lọ́rẹ. Ó wá dúró sẹ́yìn ìyàwó rẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí í sọ ilé tí ó yẹ kí ó bù. Ọjọ́ yẹn ni a fi òfin kan kún èyí tí a ti ní: òǹwòran kò gbọdọ̀ sọ̀rọ̀.