Ìtọ́jú Òṣìṣẹ́ Kì í Ṣe Ìnákúnàá

Ní ìpàdé tó kọjá, ìgbìmọ̀ dábàá pé kí a mú nínú èrè ọdún yìí ṣe ọ̀nà tí èéfín yóò máa gbà jáde nínú ilé ìyangàrí wa, kí a sì ra àpótí ìjókòó fún àwọn tó ń bó ẹ̀gẹ́. Àwọn kan ní ìnákúnàá ni. Ṣebí a ń sanwó fún wọn, kí ni wọ́n tún ń wá?

Ẹ jẹ́ kí a rántí Robert Owen, ọ̀kan nínú àwọn tó la ọ̀nà fún ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù láyé. Ní 1800, ó di alákòóso ilé iṣẹ́ ìrànwú ní New Lanark, ilẹ̀ Scotland. Ó ní kí wọ́n má gba ọmọ tí kò tíì pé ọdún 10 síṣẹ́ mọ́. Ó ṣí ilé ìtajà tí àwọn òṣìṣẹ́ ti ń ra ojúlówó ọjà ní owó pọ́ọ́kú. Ní 1816, ó dín iṣẹ́ òòjọ́ kù sí wákàtí 10 àti ìṣẹ́jú 45, ó sì ṣí ilé ẹ̀kọ́. Àwọn tí wọ́n jọ fowó sí i ráhùn pé ìnáwó rẹ̀ ti pọ̀ jù. Síbẹ̀, ilé iṣẹ́ náà ń jèrè.

Kò gba ọ̀lẹ láyè o. Ó so igi kékeré aláwọ̀ mẹ́rin sẹ́gbẹ̀ẹ́ òṣìṣẹ́ kọ̀ọ̀kan: dúdú fún iṣẹ́ burúkú, funfun fún iṣẹ́ tó dára jù.

Ọ̀rọ̀ tiwa náà kò le. Ojú tí èéfín ń ta kò lè rí gàrí tó fẹ́ jóná. Ẹni tó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ bó ẹ̀gẹ́ láti òwúrọ̀, tó bá di ọ̀sán, ẹ̀yìn á máa dùn ún, ọwọ́ á sì falẹ̀. Láti ọdún tó kọjá, ayangàrí mẹ́ta ló ti fi wá sílẹ̀ nítorí èéfín. Kí àwọn tuntun tó mọwọ́ iṣẹ́, àpò mélòó ló bàjẹ́? Owó tí a rò pé a fi pamọ́, ibẹ̀ ló ń gbà lọ. A kì í jẹ́ kí ẹ̀rọ ìrẹ̀gẹ́ wa ṣiṣẹ́ láìsí epo. Àbí ẹ̀rọ sàn ju ènìyàn lọ ni?

Ìpàdé gbogboogbò ń bọ̀. Kí a tó dìbò, mo bẹ̀ yín, kí olúkúlùkù kọ́kọ́ dúró nínú ilé ìyangàrí fún wákàtí kan péré. Ẹni tó bá da omi síwájú ni yóò tẹ ilẹ̀ tútù.

Èmi ni,
Akọ̀wé yín.