Ọmọ Tí Oògùn Olóró Ti Di Bárakú Fún: Ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ Kọ́, Ìtọ́jú Ni

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní bí iná kò bá tán lórí aṣọ, ẹ̀jẹ̀ kì í tán ní èékánná. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni ọ̀rọ̀ ọtí líle àti oògùn olóró rí láàárín wa. Ojoojúmọ́ ni à ń bú àwọn ọ̀dọ́, ojoojúmọ́ ni à ń gbàdúrà, síbẹ̀ ọjà náà kò kùtà. Mo rò pé ó tó àkókò kí á fi ariwo sílẹ̀, kí á gbọ́ ohun tí àwọn tí ó ṣe ìwádìí sọ, kí á sì mọ ibi tí ìwòsàn wà.

Iṣẹ́ olùkọ́ ni iṣẹ́ mi, OPIC Estate ni mo sì ń gbé, ní agbègbè Mowe àti Ìbàfò, ní ìpínlẹ̀ Ògùn. Títì ńlá tí ó ti Èkó lọ sí Ìbàdàn kò jìnnà sí wa. Ẹni tí ó bá jáde sí ẹ̀bá títì ní kùtùkùtù yóò rí àwọn awakọ̀, àwọn ọlọ́kadà àti àwọn alágbàṣe tí wọ́n yí àwo oní-páràgà ká. Ife kan ní àárọ̀, òmíràn ní ọ̀sán, ọ̀rá ọtí kékeré kan nínú àpò fún ojú ọ̀nà.

Ní ọjọ́ kan mo bi ọ̀kan nínú àwọn ìyá tí ń tà á pé, "Ìyá, ẹ kú ọjà o. Kí ni ó wà nínú ìgò yìí?"

Ó ní, "Ewé àti egbò ni, ọmọ mi. Ti jẹ̀díjẹ̀dí wà, ti ibà wà, ti ẹ̀yìn ríro náà wà."

Mo ní, "Ṣé omi ni ẹ fi rẹ ẹ́, mà?"

Ó rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Tíṣà, bí ó bá jẹ́ omi ni mo fi rẹ ẹ́, ta ni yóò rà á?"

Òtítọ́ ọ̀rọ̀ ni ìyá yìí sọ. Orúkọ ni ewé jẹ́, ògógóró gan-an ni ọjà.

IYE TÍ ÌWÁDÌÍ RÍ

Ní ọdún 2017, àjọ tí ń ka iye nǹkan ní Nàìjíríà, pẹ̀lú àjọ Ìparapọ̀ Orílẹ̀-Èdè Àgbáyé tí ń rí sí ọ̀rọ̀ oògùn olóró, rán ènìyàn káàkiri gbogbo ìpínlẹ̀. Wọ́n fi ọ̀rọ̀ wá ènìyàn tí ó lé ní 38,000 lẹ́nu wò nínú ilé wọn. Ní oṣù kíní ọdún 2019 ni wọ́n gbé èsì rẹ̀ jáde.

Wọ́n ní láàárín ọdún kan ṣoṣo, àwọn ọmọ Nàìjíríà tí ọjọ́ orí wọn wà láàárín ọdún 15 sí 64 tí wọ́n lo oògùn olóró tó mílíọ̀nù 14.3. Ìdá 14.4 nínú ọgọ́rùn-ún ni èyí. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ ṣàkíyèsí pé wọn kò ka ọtí àti tábà mọ́ ọn. Ní gbogbo àgbáyé, iye tí wọ́n ń sọ ní àkókò náà kò ju bí ìdá 5.6 nínú ọgọ́rùn-ún lọ.

Igbó ni ó pọ̀ jù, àwọn tí ń mu ún tó mílíọ̀nù 10.6. Àwọn tí ń lo oògùn ara ríro bíi tramadol, kòdíìnì àti mọ́fíìnì láìjẹ́ pé dókítà kọ ọ́ fún wọn tó mílíọ̀nù 4.6. Ọ̀rọ̀ tiwa wá burú jù: ìdá 22.4 nínú ọgọ́rùn-ún ni ti ìhà Ìwọ̀-Oòrùn Gúúsù, ilẹ̀ Yorùbá wa, kò sì sí agbègbè kan ní Nàìjíríà tí ó ga tó bẹ́ẹ̀. Ti Èkó nìkan jẹ́ 33 nínú ọgọ́rùn-ún. Èkó yìí ni a sì ń bá ra, tí a ń bá tà, láti Mowe títí dé Ìfọ̀.

Ẹni tí ó bá rò pé ọ̀rọ̀ ọkùnrin nìkan ni, kí ó tún èrò rẹ̀ pa. Nínú ènìyàn mẹ́rin tí ń lo oògùn wọ̀nyí, ọ̀kan jẹ́ obìnrin. Nínú ènìyàn márùn-ún tí ń lò ó, ọ̀kan ti wọ inú wàhálà tí ó fi yẹ kí ó rí oníṣègùn.

ỌTÍ INÚ Ọ̀RÁ

Ẹ jẹ́ kí á bẹ̀rẹ̀ láti orí ọtí, nítorí pé òun ni a kì í kà sí nǹkan. Ọ̀rá kékeré tí ń gba 30 mílílítà, tí agbára ọtí rẹ̀ jẹ́ 40 nínú ọgọ́rùn-ún, ojú ń fojú tín-ín-rín rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ bá mi ṣírò rẹ̀: mẹ́ta péré nínú rẹ̀ ju odindi ìgò bíà ńlá kan lọ. Ọmọ tí kò lè gbé ìgò bíà wọ kíláàsì lè fi ọ̀rá mẹ́ta sí àpò ṣòkòtò rẹ̀, tíṣà kò sì ní mọ̀.

Ẹ̀dọ̀ ni ó ń palẹ̀ ọtí mọ́ nínú ara, kì í sì í kánjú. Ìgò bíà ńlá kan lè gbà á ní bíi wákàtí mẹ́ta. Omi tútù kò lè mú un yá, kọfí kò lè mú un yá, wíwẹ̀ kò lè mú un yá. Nítorí náà awakọ̀ tí ó mu páràgà ní aago mẹ́fà, tí ó fi omi bọ́jú, tí ó ní ojú òun ti dá, irọ́ ni ó ń pa fún ara rẹ̀ àti fún àwọn èrò ẹ̀yìn rẹ̀. Àjọ Ìlera Àgbáyé sọ ní ọdún 2024 pé ikú mílíọ̀nù 2.6 ni ọtí fà ní gbogbo ayé ní ọdún 2019 nìkan.

Ìjọba kò sùn, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà kò rọrùn. Ní oṣù kejìlá ọdún 2018, àjọ NAFDAC àti àwọn tí ń ṣe ọtí fọwọ́ sí ìwé pé kí ọtí inú ọ̀rá kásẹ̀ nílẹ̀ nígbà tí oṣù kíní ọdún 2024 bá parí. Nígbà tí ọjọ́ pé, àwọn òṣìṣẹ́ figbe ta pé iṣẹ́ yóò bọ́ lọ́wọ́ àwọn, ni wọ́n bá tún sún un di oṣù kejìlá ọdún 2025. Awuyewuye kò sì tán níbẹ̀.

Ti ògógóró tí a kò mọ orísun rẹ̀ tún yàtọ̀. Ní oṣù kẹrin ọdún 2015, ní Òde-Ìrèlè ní ìpínlẹ̀ Oǹdó, ó kéré tán ènìyàn 17 ni ó kú láàárín ọjọ́ díẹ̀. Orí ń fọ́ wọn, ojú wọn ṣú, wọn kò mọ ara wọn mọ́, wọ́n sì kú. Àwọn kan ní òrìṣà ni ó ń bínú, àwọn mìíràn ní oògùn tí a fi ń pa koríko ni. Nígbà tí àyẹ̀wò jáde, methanol ni wọ́n bá níbẹ̀, ọtí olóró tí ó wà fún iṣẹ́ ẹ̀rọ, tí kò sì yàtọ̀ sí ògógóró lójú. Kò pẹ́ lẹ́yìn rẹ̀ tí irú rẹ̀ tún ṣẹlẹ̀ ní ìpínlẹ̀ Rivers.

OMI IKỌ́ ÀTI OÒGÙN ARA RÍRO

Kòdíìnì tí ó wà nínú omi ikọ́, bí ó bá dé inú ẹ̀dọ̀, mọ́fíìnì ni díẹ̀ nínú rẹ̀ ń dà. Mọ́fíìnì a máa pa ìrora, ṣùgbọ́n bí ó bá pọ̀ jù, a máa fa èémí sẹ́yìn títí èémí yóò fi dúró. Ẹni tí ó bá pò ó mọ́ ọtí ti sọ ikú di méjì. Ní oṣù kárùn-ún ọdún 2018 ni ìjọba àpapọ̀ fi òfin de ṣíṣe omi ikọ́ oníkòdíìnì àti kíkó o wọlé. Tramadol ní tirẹ̀, bí ènìyàn bá lò ó jù, a máa mú gìrì tí ó jọ wárápá wá. Igbó sì lè da orí ọ̀dọ́ rú, pàápàá ẹni tí ó bẹ̀rẹ̀ ní kékeré tàbí tí irú àìsàn bẹ́ẹ̀ wà ní ìdílé rẹ̀.

Bí ẹ bá rí ẹni tí ó ti lò ó jù, tí kò jí, tí èémí rẹ̀ ń já lọ, ẹ má da epo pupa sí i lẹ́nu, ẹ má da mílíìkì tàbí omi sí i lẹ́nu, kí ó má baà gba inú ẹ̀dọ̀fóró. Ẹ fi ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ lélẹ̀, kí ẹ sì sáré gbé e lọ sí ilé ìwòsàn. Ẹ sọ ohun tí ó lò fún dókítà láìfi ọ̀kan pamọ́, nítorí pé oògùn kan wà tí ń jẹ́ naloxone tí ó lè dá èémí rẹ̀ padà.

OHUN TÍ ARÓ KỌ́ WA

Ọ̀pọ̀lọpọ̀ wa ni kò mọ̀ pé ìpínlẹ̀ Ògùn yìí gan-an ni ìmọ̀ lórí ọ̀rọ̀ yìí ti fìdí múlẹ̀. Ní ọdún 1954 ni Dókítà Thomas Adéoyè Lambo, ọmọ Abẹ́òkúta, bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ilé ìwòsàn Aró. Kò ti àwọn aláìsàn mọ́lé. Ó mú kí wọ́n máa gbé láàárín àwọn ará abúlé tí ó yí Aró ká, kí ẹbí wọn kan máa bá wọn gbé, kí wọ́n máa ṣe iṣẹ́ oko, kí wọ́n sì máa wá gba ìtọ́jú. Ẹ̀kọ́ yìí ni gbogbo ayé wá kọ́ lọ́dọ̀ rẹ̀.

Ní ọdún 1964, Dókítà Tọ́lání Asuni kọ ìwé nípa igbó àti ohun tí ó ń ṣe fún àwọn tí ń mu ún ní Nàìjíríà. Ní ọdún 1965, Lambo náà kọ tirẹ̀ lórí oògùn olóró ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfríkà. Ìwé àtìgbàdégbà Ìparapọ̀ Orílẹ̀-Èdè Àgbáyé ni ó tẹ méjèèjì jáde. Ìkìlọ̀ ti wà nílẹ̀ tipẹ́.

Kí ni ìjọba ṣe nígbà náà? Ní ọdún 1966, àwọn ológun ṣe òfin pé ẹni tí ó bá gbin igbó lè rí ikú he, tàbí kí ó lọ ẹ̀wọ̀n ọdún 21 ó kéré tán. Ní ọdún 1975 wọ́n dẹ òfin náà. Láti òfin líle yẹn wá, igbó kò parun. Mo ti sọ iye àwọn tí ń mu ún fún yín lókè. Kì í ṣe pé òfin kò dára. Ohun tí mò ń sọ ni pé pàṣán nìkan kì í wo àìsàn.

ÌYÁ KAN ÀTI ỌMỌ RẸ̀

Ìyá kan tí ń ta aṣọ wá bá mi. Ọmọ rẹ̀ ọkùnrin ti ta ẹ̀rọ amúnáwá ilé, ó ti ta aṣọ oníbàárà, nítorí tramadol. Ó ní, "Tíṣà, wọ́n júwe ibì kan fún mi tí wọ́n ti ń dè wọ́n mọ́lẹ̀, tí wọ́n ń nà wọ́n títí ojú wọn yóò fi là. Ṣé kí n mú un lọ?"

Mo sọ fún un pé, "Màmá, ẹ jọ̀wọ́, ẹ má ṣe é." Mo rán an létí pé ní ọjọ́ 4 oṣù kọkànlá ọdún 2019, àwọn ọlọ́pàá tú ènìyàn 259 sílẹ̀ nínú ilé kan ní Òjòó, ní Ìbàdàn, níbi tí wọ́n ti fi ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ de àwọn mìíràn nínú wọn. Àwọn òbí ni ó fi owó ara wọn mú ọ̀pọ̀ wọn lọ síbẹ̀, wọ́n rò pé ìtọ́jú ni. Ẹni tí a nà lè dákẹ́, ṣùgbọ́n ìdákẹ́jẹ́ kì í ṣe ìwòsàn.

Ilé ìwòsàn ìjọba ni ó mú un lọ. Ọmọ náà ṣe dáadáa fún oṣù mẹ́rin, ó tún padà sídìí rẹ̀, wọ́n tún gbé e lọ. Nígbà tí mo rí i kẹ́yìn, ó ń kọ́ iṣẹ́ wẹ́dà. Ìyá rẹ̀ kò tíì fi ọkàn balẹ̀ tán, èmi náà kò sì sọ fún un pé kí ó fi í balẹ̀.

BÍ ÌTỌ́JÚ TI Ń LỌ

Bárakú kì í ṣe ìwà burúkú lásán. Oògùn a máa yí ọ̀nà tí ọpọlọ fi ń mọ ìdùnnú padà, tó bẹ́ẹ̀ tí ènìyàn kò fi ní lè sinmi láìsí i. Ohun àkọ́kọ́ ni kí wọ́n fọ oògùn náà kúrò lára lábẹ́ ojú dókítà. Ẹni tí ó ti ń mu ọtí líle lójoojúmọ́ fún ìgbà pípẹ́ kò gbọdọ̀ dá a dúró lójijì fúnra rẹ̀: ara rẹ̀ lè máa gbọ̀n, ní ọjọ́ kejì tàbí ìkẹta gìrì lè mú un, ó lè máa rí ohun tí ojú ẹlòmíràn kò rí, ó sì lè kú. Dókítà ní oògùn tí ó fi ń dènà èyí, pẹ̀lú fítámì B1.

Lẹ́yìn èyí ni ọ̀rọ̀ sísọ pẹ̀lú olùdámọ̀ràn, kíkọ́ bí a ti ń sá fún ẹgbẹ́ àtijọ́, àti iṣẹ́ ọwọ́. Bí ó bá tún ṣubú, kí á tún gbé e dìde. Kò sí ẹni tí ń lé onítọ̀ọ́gbẹ jáde nílé nítorí pé ìtọ̀ ṣúgà rẹ̀ tún ga.

Aró ní Abẹ́òkúta ní ibi ìtọ́jú tí ó wà fún ọ̀rọ̀ oògùn olóró nìkan. Ilé ìwòsàn ìjọba àpapọ̀ ní Yábà, tí ó ti wà láti ọdún 1907, kò jìnnà sí àwa ará Ìbàfò. Àjọ NDLEA náà ní nọ́ńbà tí a lè pè lọ́fẹ̀ẹ́, 0800 1020 3040. Òfin tuntun lórí ìlera ọpọlọ, tí wọ́n fọwọ́ sí ní oṣù kíní ọdún 2023, sì ti fún aláìsàn ní ẹ̀tọ́ tí kò ní tẹ́lẹ̀.

Ẹ BI ARA YÍN NÍ ÌBÉÈRÈ MẸ́RIN

Dókítà kan ní Amẹ́ríkà, John Ewing, fi ìbéèrè mẹ́rin hàn fún àwọn oníṣègùn ní ọdún 1984. Mo sọ ọ́ ní ọ̀nà tiwa. Ǹjẹ́ ó ti wá sí ọ ní ọkàn rí pé kí o dín ọtí rẹ kù? Ǹjẹ́ inú máa ń bí ọ bí wọ́n bá bá ọ wí nípa rẹ̀? Ǹjẹ́ ọkàn rẹ ti dá ọ lẹ́bi rí nítorí rẹ̀? Ǹjẹ́ o ti mu ún rí ní òwúrọ̀ kí ara rẹ tó lè balẹ̀? Ẹni tí ó bá dáhùn bẹ́ẹ̀ ni sí méjì nínú rẹ̀, kí ó lọ rí dókítà.

Ẹ̀yin ọlọ́jà, èrè orí ọ̀rá kan kò tó ẹ̀mí ọmọ ẹlẹ́mìí. Ẹ má tà á fún ọmọ iléèwé. Ẹ̀yin oníkẹ́míìsì, ẹ béèrè ìwé dókítà kí ẹ tó ta oògùn ara ríro. Ẹ̀yin tíṣà ẹlẹgbẹ́ mi, ọmọ tí ó ń sùn ní kíláàsì, tí ìwà rẹ̀ yí padà lójijì, ẹ pè é sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan kí ẹ tó mú ẹgba. Nínú àwọn tí oògùn ti wọ̀ lára jù lọ tí ìwádìí yẹn bá pàdé, nǹkan bí 40 nínú ọgọ́rùn-ún ni ó ní àwọn fẹ́ ìtọ́jú ṣùgbọ́n àwọn kò rí i gbà. Wọ́n fẹ́ ẹ, ẹ̀yin ènìyàn mi. Ẹni tí yóò júwe ọ̀nà fún wọn ni wọ́n ń wá.