Àpá kékeré tó wà ní apá òsì yín: bí alóre inú ara ṣe ń fi ọ̀tá han ọmọ ogun

Ẹni tó bá wọ danfó láti Òṣòdì lọ sí Ìsọlọ̀ nírọ̀lẹ́ mọ̀ pé èémí kan náà ni gbogbo èrò inú ọkọ̀ jọ ń mí. Lóòótọ́, ìjọba Ìpínlẹ̀ Èkó palẹ̀ ọjà ẹ̀bá ọ̀nà Òṣòdì mọ́ lọ́dún 2009, wọ́n sì ṣí ibùdókọ̀ ńlá síbẹ̀ lọ́dún 2019, ṣùgbọ́n èrò kò dín. Bí ẹni tó ní ikọ́-fée, tí àwọn mìíràn ń pè ní ikọ́ ẹ̀gbẹ, bá wúkọ́ láàrin wọn, kòkòrò àrùn náà lè bá afẹ́fẹ́ wọ ẹ̀dọ̀fóró ẹni tó jókòó tì í. Síbẹ̀, nínú 100 ènìyàn tí kòkòrò yìí bá wọ̀ lára, bíi 5 sí 10 péré ni àìsàn náà máa ń mú láyé wọn. Kí ló ń gba àwọn yòókù sílẹ̀?

Àwọn sẹ́ẹ̀lì ẹ̀jẹ̀ funfun kan wà nínú ẹ̀dọ̀fóró, makiroféèjì ni wọ́n ń pè wọ́n, iṣẹ́ wọn sì ni láti gbé àjèjì mì. Ti ikọ́-fée le, nítorí kòkòrò rẹ̀ máa ń sọ ikùn ẹni tó gbé e mì di ilé, á sì máa bí sí i níbẹ̀. Sẹ́ẹ̀lì T, tí í ṣe ọmọ ogun gan-an, kò lè dá odindi kòkòrò mọ̀. Ẹlòmíràn ló gbọ́dọ̀ gé e wẹ́wẹ́, kí ó sì gbé ègé rẹ̀ síwájú rẹ̀.

Nígbà ogun, àwọn baba wa a máa yan alóre sí ẹ̀bá odi ìlú. Alóre ti ara ni dendritic cell, tí apá rẹ̀ yọ bí ẹ̀ka igi. Ralph Steinman, ọmọ Kánádà, àti Zanvil Cohn ló fi í han aráyé lọ́dún 1973 ní New York. Lọ́dún 2011 ni wọ́n kéde ẹ̀bùn Nobel fún Steinman. Ó ṣeni láàánú pé ọjọ́ mẹ́ta péré ṣáájú ìkéde náà ni ó kú.

Alóre yìí yóò gbé kòkòrò mì, yóò rún un, yóò pàtẹ ègé rẹ̀ sí ara rẹ̀ níta, yóò sì gbéra lọ sí àwọn kókó inú àyà níbi tí sẹ́ẹ̀lì T ń péjọ sí. Irú kókó yìí náà ló máa ń wú lábẹ́ abíyá bí egbò bá wà lọ́wọ́. Bí àrokò ni iṣẹ́ tó ń jẹ́. Ègé kòkòrò nìkan kò tó. Alóre gbọ́dọ̀ fi àmì kejì kún un pé ewu wà lóòótọ́. Bí àmì náà kò bá sí, sẹ́ẹ̀lì T kò ní jà. Ó sì dára bẹ́ẹ̀, nítorí alóre a máa pàtẹ ègé ara wa fúnra rẹ̀ pẹ̀lú, kò sì sí ẹni tí yóò fẹ́ kí ọmọ ogun kọlu ilé tó ń ṣọ́. Lẹ́yìn èyí ni yóò tú èròjà kan jáde tó ń sọ irú ìjà tí wọn yóò jà. Ní ti ikọ́-fée, sẹ́ẹ̀lì T tí wọ́n ń pè ní CD4 ni yóò pọ̀ sí i, tí yóò lọ sí ẹ̀dọ̀fóró, tí yóò sì fún makiroféèjì lágbára láti pa ohun tó wà ní ikùn rẹ̀. Ṣùgbọ́n kòkòrò náà gbọ́n, ó máa ń dá alóre dúró lọ́nà, ó sì lè tó ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sí mẹ́jọ kí ara tó dáhùn.

Ìdí nìyí tí àwọn nọ́ọ̀sì fi ń gún ọmọ tuntun ní abẹ́rẹ́ BCG. Albert Calmette àti Camille Guérin, ọmọ Faransé, fi ọdún 13 sọ kòkòrò ikọ́-fée màlúù di aláìlágbára, ọdún 1921 ni wọ́n sì kọ́kọ́ fún ọmọ ènìyàn. Òun ni alóre fi ń kọ́ sẹ́ẹ̀lì T kí ọ̀tá gidi tó dé, ibẹ̀ ni àpá tó wà ní apá yín ti wá. Kí a má tan ara wa jẹ: ó ń dáàbò bo ọmọdé lọ́wọ́ irú tó ń wọ ọpọlọ, ṣùgbọ́n ààbò rẹ̀ kéré fún àgbàlagbà. Bẹ́ẹ̀ ni kòkòrò HIV, CD4 gan-an ló ń pa, ìyẹn ló ń jẹ́ kí ikọ́-fée tètè borí ẹni tó ní in.

Nítorí náà, ẹni tó bá ti wúkọ́ fún ọ̀sẹ̀ méjì, ìbáà jẹ́ awakọ̀ tàbí kọ̀ńdọ́, kí ó gbé kẹ̀lẹ̀bẹ̀ rẹ̀ lọ fún àyẹ̀wò ní ilé ìwòsàn ìjọba. Ọ̀fẹ́ ni àyẹ̀wò àti oògùn rẹ̀. Oṣù mẹ́fà ni wọ́n sábà ń lo oògùn náà, ẹni tó bá sì dá a dúró ní oṣù kejì nítorí pé ikọ́ ti lọ, ó lè jẹ́ kí kòkòrò tó ṣẹ́kù di èyí tí oògùn kò ràn mọ́.